"Ṣé Ijó Ni Wàá Máa Jẹ?": Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ijó àti Ọ̀nà Oúnjẹ fún Ọ̀dọ́ Kòsọ́fẹ́

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀dọ́ ṣe lè kọ́ ijó, kó sì fi ijó ṣiṣẹ́ jẹun ní agbègbè wa yìí, láti Kétu dé Mile 12 àti Ìkòsì, láti Alápẹ̀rẹ̀ dé Ọ̀jọ́ta, títí a ó fi kan Òwòròǹṣòkí létí ọ̀sà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí ẹ rán mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí ọmọ tó bá fẹ́ràn ijó kì í yé gbọ́ nílé: "Ṣé ijó ni wàá máa jẹ?" Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè náà. Ìyá tó ń jí ní ìdájí lọ pàdé ọkọ̀ tòmátì àti ata ní Mile 12 kò bi í láti fi ba ọmọ rẹ̀ nínú jẹ́. Ó ti rí ọmọ ẹlòmíràn tó jó títí tó fi pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí kò sì ní iṣẹ́ kan pàtó lọ́wọ́. Èsì tí mo mú wá fún un lónìí ni pé ọmọ lè fi ijó jẹun, kó fi san owó ilé, kó fi tọ́ ọmọ tirẹ̀ náà, bí a bá lè fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ ijó bí a ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ mìíràn. Ibi tí a ti ń kùnà ni pé a kì í kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Wíwò là ń wò wọ́n níran, bí ìran bá sì tán, oníkálukú a bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Òbí á mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá. Wọ́n á ra fọ́ọ̀mù, wọ́n á kọ iye ọdún sínú ìwé àdéhùn, oníduùró á buwọ́ lù ú. Ọmọ náà á máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ó di ìgbà tó bá pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní sísọ́ọ̀sì láti gé aṣọ oníbàárà. Nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé, wọ́n á ṣe fúrídọ̀ọ̀mù: ọ̀gá á gbàdúrà fún un, á fún un ní ìwé ẹ̀rí, ẹbí á se ìrẹsì, wọ́n á ya fọ́tò. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sẹ́ni tó tún máa bi í bóyá abẹ́rẹ́ ni yóò máa jẹ. Ọmọ tó fẹ́ jó ńkọ́? Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí iye ọdún, kò sí ọ̀gá tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ó wo ijó kan lórí TikTok, ó fara wé e títí ó fi mọ̀ ọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì ti di dáńsà. Kò ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà la ó wá máa bínú pé iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ síwájú.

Àwọn baba wa kò ṣe é bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ tí a bí sí ilé ọ̀jẹ̀ ń kọ́ òkìtì, ijó bàtá àti iwì láti kékeré, ọ̀dọ̀ ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ ló sì ti ń kọ́ ọ. Irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn alárìnjó ti jáde ní ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìwádìí nípa wọn, ohun tó sì hàn gbangba nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ gidi ni: ó ní ọ̀gá, ó ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹgbẹ́ kan sì ń bá ẹgbẹ́ kejì figagbága. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, tí ìlú Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin jẹ́ ọ̀kan nínú ojúkò rẹ̀, tí àjọ UNESCO sì kà mọ́ àjogúnbá gbogbo ayé láti 2001. Oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ohun tí ìlù bá wí, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa jẹ́rìí. Bó bá ṣì í, gbogbo ọjà ló gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè dé ojú agbo yẹn láìjẹ́ pé ó ti fi ọdún pamọ́ sẹ́yìn ilé.

Ìwà tí àwùjọ ń hù sí oníjó náà kì í ṣe tòní. Nígbà tí Hubert Ògúǹdé dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1945, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà, alágbe lásán ni ẹni tó ń jó, tó ń kọrin kiri. Ògúǹdé kọ̀wé fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀, ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá òṣèré, ó sì ń sanwó fún àwọn tó gbà síṣẹ́. Ó kọ́ wọn ní ijó, ó mú wọn rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àní nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ dá Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni wọ́n ké sí. Mo gbà gbọ́ pé owó tó ń san déédéé yẹn ṣe fún iyì oníjó ju gbogbo ìyìn tí ìwé ìròyìn kọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá wálé. Òwòròǹṣòkí wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ tiwa yìí. Ẹni tó bá ń gba afárá Third Mainland kọjá máa ń rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ohun tí ọ̀pọ̀ sì fi mọ̀ ọ́n ni ìròyìn ìjà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ibẹ̀ ni Sunday Ozegbe, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valu, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Ennovate Dance House, ibẹ̀ náà ló sì ti dá ayẹyẹ Slum Party sílẹ̀ ní 2019. Ojú títì ni pèpéle wọn, àárín ilé ni wọ́n ti ń jó, àwọn ìyá tó ń ta ẹja àti àwọn ọmọ tó ń gba bọ́ọ̀lù ni olùwòran. Ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ti kọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí kì í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ. Ọjọ́ ayẹyẹ kò pọ̀ lọ́dún. Àwọn ọjọ́ yòókù, tí kò sí kámẹ́rà, tí wọ́n ń ṣe rìhásà nínú oòrùn, ni ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá ní ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, tí ọ̀gá yóò bi í léèrè bí kò bá wá, ti ní ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn kò lè fún un.

Ní Bàrígà tó múlé gbè wá, Ṣẹ́gun Adéfilà ti ń darí Crown Troupe of Africa láti 1996. Yunifásítì Èkó ló ti kàwé, ó sì lè jókòó sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n àárín àdúgbò ló gbé ẹgbẹ́ náà sí. Bàrígà kan náà ni Ṣeun Awóbájọ ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nínú Footprints of David. Bí ẹ bá sì gba ọ̀nà Mile 12 lọ sí Ìkòròdú, ẹ ó bá iṣẹ́ Ṣèyí Olúyọ̀lé, ẹni tó kó àwọn ọmọ tí kò rí ilé-ìwé lọ jọ, tó ń kọ́ wọn níjó, tó sì fi dandan lé e pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa kàwé. Ní 2018, Rihanna àti Naomi Campbell fi fídíò àwọn ọmọ náà hàn fún gbogbo ayé. Ìwé tí wọ́n ń kà ló dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yẹn.

Ìtàn Ajangbádì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé apá kan ṣoṣo ni a gbọ́. Ní 2017, Daniel Àjàlá Owóṣeni dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ijó báléè lọ́fẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ báléè kankan. Sinimá ló kọ́kọ́ fi ìfẹ́ rẹ̀ sí i lọ́kàn, ó sì wá ń kọ́ra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Pálọ̀ ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á sún àga sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tẹ́ nǹkan sílẹ̀. Ní 2020, ọmọ ọdún mọ́kànlá kan tó ń jẹ́ Anthony Madu jó nínú òjò, láìwọ bàtà, fídíò náà sì rìn kárí ayé. American Ballet Theatre ní New York fún un láǹfààní ẹ̀kọ́ ìgbà ooru wọn, nígbà tó sì di 2021, ó wọ Elmhurst Ballet School ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti ṣe fíìmù nípa rẹ̀, ó jáde ní 2024.

Apá tí gbogbo ayé gbọ́ nìyẹn: òjò, fóònù, òkè òkun. Nítorí náà ni ọ̀dọ́ púpọ̀ fi ń wá òjò tiwọn. Apá tí a kò gbọ́ dáadáa ni pé Anthony ti ń kọ́ṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù sókè. Fídíò kò kọ́ ọ ní ohun kan. Ilẹ̀kùn ló ṣí, àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà sì jẹ́ olùkọ́ tó mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń nà, bí orúnkún ṣe ń yí síta, bí ènìyàn ṣe ń fò tó sì ń balẹ̀. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lè ṣí fún ọmọ tí ohun tó lè ṣe kò ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní aláìmọ̀jó ló ń sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ wa yìí, ilẹ̀ kò tẹ́jú lóòótọ́. Orí sìmẹ́ǹtì àti táìsì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti ń jó, wọ́n ń fò, wọ́n ń ta òkìtì, wọ́n ń fi orúnkún lulẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í gba agbára ìfò, ara oníjó ló ń dá a padà sí: ojúgun, ọrùn ẹsẹ̀, orúnkún, ìbàdí. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè máa di ẹ̀yìn mú kó tó pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ilé ijó tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń lo ilẹ̀ pákó tí àyè wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ́ lórí fóòmù, kí ilẹ̀ náà lè rọ̀ díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá dé orí rẹ̀. Káfíńtà Kétu lè ṣe èyí. Kò gba ẹ̀rọ láti òkè òkun. Bákan náà ni nínà ara kí a tó jó, mímu omi, ìsinmi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, àti kí a má ṣe fi oògùn ìrora gbé orúnkún tó wú wọ inú rìhásà. Ọ̀gá tó bá ń kọ́ni ní ijó tí kò kọ́ni ní nǹkan wọ̀nyí ń fi ara ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò.

Ọrọ̀ kan wà tí Kòsọ́fẹ́ ní tí a kò tíì lò. Ọjà Mile 12 ti kó gbogbo Nàìjíríà wá sí ojúlé wa. Hausa wà níbẹ̀, Igbo wà níbẹ̀, Tiv wà níbẹ̀, Ìlàjẹ àti Ègùn wà létí omi. Ẹgbẹ́ ijó ńlá kì í wá ẹni tó mọ ijó ẹ̀yà kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-Èdè ń jó bàtá, wọ́n ń jó atilogwu ti Igbo, wọ́n ń jó swange ti Tiv, wọ́n ń jó koroso ti Hausa. Ọmọ Ìkòsì tó bá fẹ́ mọ koroso kò nílò láti wọkọ̀ lọ sí Kano. Ó lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní àdúgbò tí wọ́n ti ń já àlùbọ́sà. Ní oṣù kẹta 2016, ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín Hausa àti Yorùbá ní Mile 12, ẹ̀mí sì bọ́ sí i. N kò ní sọ fún yín pé ijó lè dá ìjà dúró. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ṣòro láti jí lọ́jọ́ kan kí o ka ẹni tó kọ́ ọ níjó sí ọ̀tá.

Nísinsìnyí, ọ̀nà wo ló wà fún ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́? Wọ́n pọ̀ ju bí òbí ṣe rò lọ, ìmọ̀ nípa wọn ni kò pọ̀. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń rí ni ti àwọn tó ń jó lẹ́yìn olórin, nínú fídíò àti lórí pèpéle. Ọ̀nà gidi ni, ṣùgbọ́n òun ló kún jù, òun ni owó rẹ̀ sì ń tètè tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní àjọ àṣà àti iṣẹ́ ọnà, tí oníjó inú rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọba tó ń gba owó oṣù, tó sì ní ìfẹ̀yìntì. Ilé-ìwé aládàáni tó pọ̀ láti Ògùdù dé Mágodò ń wá ẹni tó lè kọ́ ọmọ níjó, kì í ṣe fún ayẹyẹ ìparí ọdún nìkan, nítorí ijó wà nínú ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí ìjọba là sílẹ̀ fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó ń wá ẹni tó lè to ijó tí ọkọ àti ìyàwó máa fi wọlé. Ilé ìdárayá ń wá ẹni tó lè fi ijó mú àwọn àgbà lára yá. Àwọn olùdarí fíìmù ń wá ẹni tó lè to ijó fún òṣèré. Ọmọ tó bá mọ iṣẹ́ dáadáa lè mú méjì tàbí mẹ́ta nínú nǹkan wọ̀nyí pọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń jẹun nídìí ijó ṣe ń ṣe é.

Ẹ wo Kafayat Shafau tí a mọ̀ sí Kaffy. Ní 2006, òun àti àwọn tó bá a jó lo wákàtí 55 àti ìṣẹ́jú 40, ìwé àkọsílẹ̀ Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òkìkí yẹn ìbá ti lọ bí òkìkí ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ní ilé-iṣẹ́ ijó, Imagneto, ó ń kọ́ni, ó ń to ijó, ó ń ṣe eré ìdárayá, ó kọ̀wé. Poco Lee náà, ẹsẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin ńlá, kó tó gba máìkì, kí orúkọ rẹ̀ tó di ohun tí wọ́n ń kọ sára orin. Ara oníjó ní àsìkò. Ẹni tó bá jẹ́ pé fífò nìkan ló mọ̀, bó bá ti lé ní márùndínlógójì, àwọn ọmọ tuntun á rọ́ ọ dànù. Nítorí náà ni mo fi ń rọ ọ̀dọ́ pé nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń gbé e, kó kọ́ ìmọ́lẹ̀ pèpéle, tàbí ìránṣọ eré, tàbí àtúntò fídíò, tàbí bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ àti owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? Yunifásítì Èkó kò jìnnà sí wa rárá, ẹ̀ka Creative Arts sì wà níbẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ọ̀jọ́ ní Theatre Arts. Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ìlọrin ti ń ṣe é tipẹ́. Láti àwọn ọdún 1960 ni Peggy Harper ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níjó ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní Ifẹ̀. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé girama: láti wọ Theatre Arts, ẹ nílò kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, Èdè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Oníjó tó dára tó fi Lítíréṣọ̀ sílẹ̀ ní SS1 nítorí ó rò pé ẹsẹ̀ lòun máa lò, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti padà. Àwọn òbí ń sọ fún mi pé ijó ni kò jẹ́ kí ọmọ kàwé. Ọ̀gá ijó tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń béèrè káàdì èsì ìdánwò kó tó jẹ́ kí ọmọ wọlé rìhásà.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó. Ibi yìí ni ìrẹ́jẹ pọ̀ sí jù. Wọ́n á pe ọmọ mẹ́jọ láti jó nínú fídíò, láti àárọ̀ títí di òru. Ẹnì kan ló gba owó lọ́wọ́ olórin, kò sẹ́ni tó mọ iye rẹ̀, àwọn ọmọ á gba èyí tí wọ́n bá fún wọn, wọ́n á wọkọ̀ padà sí Kétu lóru. Bí ẹnì kan bá yẹ orúnkún níbẹ̀, ìyá rẹ̀ ló máa san owó ilé ìwòsàn. Ọmọ tó lọ́gàá tó sì ní ìwé kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé kan tó: iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, iye wákàtí, ta ló máa san owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ta ló máa san owó ìtọ́jú bí ènìyàn bá fara pa, àti ibi tí wọ́n lè lo fídíò náà dé. Kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú kí ẹnikẹ́ni tó nàra.

Òfin wà lẹ́yìn yín pẹ̀lú. Òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ Nàìjíríà ka ijó tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò mọ́ iṣẹ́ tí ó dáàbò bò, ààrẹ sì buwọ́ lu òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ yìí ní oṣù kẹta 2023. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀ tàbí nínú fídíò, kó sì jẹ́ iṣẹ́ tó dúró lórí ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan tàbí méjì tí gbogbo àdúgbò jọ dá sílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Shaku shaku jáde láti Agége, kò sí ẹni tó lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé tòun ni. Àmọ́ ijó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí o jókòó tò, tí o kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, tí o gbà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ rẹ, tìrẹ ni. Ẹ máa gbà á sílẹ̀.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn òbí, pàápàá òbí àwọn ọmọbìnrin. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ mú ọmọ lọ jó ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹ béèrè ìwé ìpè láti ọ̀dọ̀ àwọn tó pè wọ́n, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà fúnra yín, ẹ béèrè orúkọ ọmọ mìíràn tó ti bá a lọ tó sì ti bọ̀. Kò gbọdọ̀ gba páásípọ́ọ̀tù ọmọ pamọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú, àjọ NAPTIP tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò wà fún irú rẹ̀. Nílé náà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti 2007. Rìhásà ọmọdé gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí ojú ti tó o, kí òbí lè wọlé nígbàkígbà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ mú ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, ṣé ó wá ṣeé ṣe kí ọmọ dúdú fi ijó ilẹ̀ rẹ̀ dé ibi gíga? Germaine Acogny ni mo máa ń dárúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n bí i ní Benin ní 1944, ilẹ̀ Senegal ló dàgbà sí, ìyá bàbá rẹ̀ sì jẹ́ abọrẹ̀ ọmọ Yorùbá. Ó darí Mudra Afrique ní Dakar láti 1977 títí wọ́n fi tì í ní 1982. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n kò rẹ̀wẹ̀sì. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ École des Sables sí Toubab Dialaw, abúlé apẹja kan létí òkun, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ oníjó Áfíríkà ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ìlànà ijó tirẹ̀ tó gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ káàkiri ayé. Ní 2021, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice, àmì ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí ayé. Nílé wa níhìn-ín, Qudus Oníkèkù kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ sákọ́ọ̀sì ní Châlons-en-Champagne, ilẹ̀ Faransé, ó padà sí Èkó, ó dá QDance sílẹ̀ ní 2014, ó sì ń kó ọ̀dọ́ Èkó lọ jó ní Yúróòpù nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Re:INCARNATION. Nílùú London, Peter Bádéjọ fi ijó Yorùbá kọ́ àwọn òyìnbó àti ọmọ dúdú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè OBE. Ohun tó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n sì dá ibi ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi lónìí kò pọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ijó tó wà láàárín wa, ẹ kọ ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ kọ iye ọdún sí i, ẹ kọ ohun tí ọmọ yóò ti mọ̀ ní òpin ọdún kìíní, ti kejì, ti kẹta, ẹ pe òbí rẹ̀ wá buwọ́ lù ú, ẹ sì ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un nígbà tó bá parí. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó tún bi ọmọ yín bóyá ijó ni yóò máa jẹ, ẹ lọ sí rìhásà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wo ẹni tó ń kọ́ ọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́, Àgbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹ̀rì, ìjọba ìpínlẹ̀ ti kọ́ tíátà sí Orégùn, kò ju ẹ̀yìn Ọ̀jọ́ta lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó wà níwájú mi yìí kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ẹ bá wọn bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n lè máa lo tíátà náà ní àwọn ọjọ́ tí kò sí eré. Ní àdúgbò wa níhìn-ín, ẹ fún wa ní gbọ̀ngàn kan, ọ̀kan ṣoṣo ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti aago mẹ́ta sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà tí òde àríyá kò sí níbẹ̀. Ẹ tẹ́ pákó sí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ san owó oṣù fún olùkọ́ kan. Àwọn ọmọ ti wà níkàlẹ̀, wọ́n ń dúró dè yín.